Ẹ Má Yí Ọ̀rọ̀ Ọmọ Mi Padà

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ariwo máṣíìnì. Ṣé ẹ̀yìn ò dùn yín mọ́? Ṣé ẹ ti ń lo awò ojú tí mo fi ránṣẹ́, àbí ó ṣì wà nínú páálí tí ẹ ní ẹ ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ńlá?

Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó máa fún yín. Ẹ̀rọ fídíò kékeré ni. Àtẹ́lẹwọ́ yín á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má bínú pé kì í ṣe fóònù ńlá, agbára mi ò tíì ká ìyẹn. Bọ́tìnnì tó wà láàárín ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná á fi tàn. Mo ti ki mẹ́mọ́rì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́, torí kò ju èékánná lọ. Bó bá fi lè bọ́ sáàárín àkísà aṣọ yín, ó parí nìyẹn.

Fídíò kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo jókòó sórí ibùsùn mi níbẹ̀, tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo fà á ya. Ẹ ó ní kí ló dé tí n ò sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ mọ ara yín. N ò ní tíì pe "Màmá" tán tí ẹ ó ti máa ròyìn gbogbo àdúgbò fún mi. Bí mo bá sì béèrè nǹkan, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe fídíò, kí ẹ lè gbọ́ ọ láti ẹnu mi, kí ẹ sì rí ojú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ní ìparí ẹ̀, mo bi yín bóyá kí n wálé fún ìsinmi ọdún yìí tàbí kí n má wá. Ẹ dákun, ẹ má dáhùn àfi bí ẹ bá ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá mi bóyá mo fẹ́ gba ìsinmi.

Bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò ṣí i, ẹ gbé e lọ fún ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ ní kó bá yín yí fídíò náà padà.

Èmi ọmọ yín,
Aláròyé


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Aláròyé mi, ọmọ tó ń ròyìn lójú oorun,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ara mi le, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí díẹ̀, kò burú. Ẹ̀rọ tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun, ọmọ tìẹ náà á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ. Awò ojú wà nínú páálí, má bá mi jà. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ ni n óò lò ó, nítorí náà, ọwọ́ rẹ ló wà.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí o! Mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn, orúkọ fídíò yọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan tí kò yé mi, ó sì padà síbi tó ti wá. Mo tẹ̀ ẹ́, ó padà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó padà. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí oníbàárà kan fi wọlé tó bá mi níbi tí mo ti ń bú ẹ̀rọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà bí o ṣe wí. Ó ti mẹ́mọ́rì bọ inú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó mi orí, ó ní, "Màmá, a ó yí i padà ni." Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ yí padà?" Ó ní, "Ọ̀rọ̀ inú fídíò yín yìí, bó ṣe wà yìí, ẹ̀rọ yín ò lè gbà á. Mo máa yí i padà, yóò wá rọrùn fún un." Ọmọ mi, mo fà á yọ kíá! Mo ní, "Ẹ má yí ọ̀rọ̀ ọmọ mi padà! Bó bá rọrùn, bó bá le, bó ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kí ni? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan nílé ọkọ rẹ̀ nígbà kan, wọ́n yí i padà kó tó dé etí ìyá ọkọ. Títí dòní, wọn ò kí ara wọn. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì ní kí wọ́n yí tìẹ padà. Èyí tí a ò yí ni kí o fi ránṣẹ́.

Mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ìyá onílé wú, ó wú gan-an. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo ní ọmọ mi nọ́ọ̀sì á sọ oògùn tí wọ́n máa lò. Yára kọ orúkọ oògùn náà wá, kọ ọ́ gàdàgbà kí àwọn tó ń tà á lè rí i kà. O ò sì kọ ìlà kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ rẹ fún mi. Ṣé funfun laṣọ tí wọ́n fún yín wọ̀ ni, àbí aláwọ̀ ewé? Oníbàárà bi mí, n ò mọ ohun tí màá sọ. Èmi tí mò ń ránṣọ, n ò mọ aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ mi!

Màmá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú ìfẹ́ o. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n sọ ọ́ káwọn náà rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú, kò dùn ní èdè wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé ẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá gbé gáùn ìyá rẹ̀ wá pé kí ẹ bá òun tún un rán kó lè ba òun mu, ẹ ó tú u, ẹ ó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó ká etí ẹ̀ sókè. Aṣọ kan náà ṣì ni. Àwọ̀ ẹ̀ ò yàtọ̀, òdòdó ara ẹ̀ ò yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí fídíò nìyẹn. Èyí tí mo yà tóbi ju ẹ̀rọ kékeré yẹn lọ, ó gbọ́dọ̀ fún kó tó lè wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n kí ọkàn yín lè balẹ̀, èmi fúnra mi ni mo yí i padà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan yá mi ní kọ̀ǹpútà. Ìgbà àkọ́kọ́, orí mi gùn gbọọrọ bí ìgbálẹ̀. Ìgbà kejì, àwòrán ń já gìjà-gìjà. Ìgbà kẹta ló tó jẹ́. Èèyàn wà nítòsí mi, mo pa ohùn ẹ̀, mo kàn wò ó fìrí, mo sì tì í. Kí n sọ tòótọ́, n ò lè jókòó kí n máa gbọ́ ara mi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mẹ́mọ́rì tuntun wà nínú àpòòwé, ẹ fi í rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Ní ti ẹsẹ̀ ìyá onílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró de oògùn kankan lọ́dọ̀ mi.

Màmá, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ bá máa bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n kí ẹ dáhùn.

Aláròyé yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo ti rí fídíò rẹ. Mo ti rí i, mo sì ti gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wò ó.

N ò ní tàn ọ́, ohun tí mo rí níbẹ̀ ò dùn mọ́ mi nínú rárá. Bí mo ṣe ń wò ọ́ ni mò ń bi ara mi pé, ṣé ọmọ tí mo sìn jáde nìyí? Ṣé ohun tí o wí fún mi pé wàá lọ ṣe nìyí? Wo ọrùn rẹ bó ṣe rí. Wo ìka rẹ tí o fi aṣọ wé. O sì wá ń sunkún sí mi lójú. Ẹkún ò tún nǹkan kan ṣe. Ìwọ kọ́ lo sọ pé ọwọ́ rẹ á tó o?

Ní ti ìbéèrè tí o bi mí, mo ṣì ń rò ó. Ọ̀rọ̀ ńlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìwàǹwára dáhùn. Jẹ́ kí n rò ó dáadáa.

Wọ́n ti gbé ìyá onílé lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bínú sí mi. Wọ́n ní irú nọ́ọ̀sì wo ni kò mọ oògùn ẹsẹ̀.

Má pè mí lọ́sẹ̀ yìí o, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa.

Màmá rẹ


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹjọ

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí lẹ́tà yín gbà.

Ẹ ní ẹ gbọ́, ẹ sì ṣì ń rò ó. Ó yé mi. Ẹni tó ń ronú bóyá kí ọmọ òun wálé ti dáhùn nìyẹn. N ò bá yín jà. Mo mọ ohun tí ojú yín ń rí níwájú àwọn èèyàn nítorí tèmi, mo sì mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Mo kàn rò pé ẹ máa bínú tán, kí ẹ wá ní kí n máa bọ̀ náà ni.

Mi ò ní gba ìsinmi. Bí ọ̀gá bá béèrè, màá ní n ò níbi tí mò ń lọ.

Ẹ tọ́jú ẹ̀yìn yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Aláròyé! Aláròyé! Aláròyé!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́. Ta ló ní kí o má wálé? Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ? Mo ka lẹ́tà rẹ, mo jókòó pẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi. Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹjọ, o ò gbé e. Ìwọ! Kí o má gbé fóònù èmi!

Ó dáa. Jókòó kí o gbọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù méjì. Irọ́ ni mo pa fún ọ. N ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú fídíò yẹn. Ẹyọ kan báyìí, n ò gbọ́.

Etí mi ló ń lọ, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún méjì. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí máṣíìnì, ariwo ẹ̀ ti jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ń pè mí, mo máa ń sọ̀rọ̀ lọ ràì kí o má baà ráyè bi mí ní nǹkan tí n ò ní gbọ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn wá ṣí, tí mo rí ẹnu rẹ tó ń lọ tí n ò gbọ́ nǹkan kan, mo ní ó tán, etí ti di pátápátá. Ojú tì mí. Mo ní o lọ jìnnà nítorí kí ayé wa lè dáa, kí o wá gbọ́ pé ìyá rẹ ti di adití nílé. Ni mo bá ń wo ojú rẹ, mo ń fi ojú gbọ́ ọ. Mo rí i pé o rù, mo rí ìka rẹ, mo rí ẹkún. Ohun tí mo rí ni mo bá ọ wí lé lórí. Mo ní n óò rò ó, torí n ò mọ ohun tí mò ń rò!

Lẹ́tà rẹ yìí ló lé mi lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà. Mo ní kó bá mi gbọ́ ọ, kó wá pariwo ẹ̀ sí mi létí, bí gbogbo àdúgbò bá gbọ́, kí wọ́n gbọ́. Ó gbé e sétí. Ó mì í. Ó gbé e sí etí kejì. Ó ní, "Màmá, kò sí ohùn níbẹ̀. Èmi gan-an ò gbọ́ nǹkan kan." Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Yéè! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ ọn. Etí mi ṣì kù díẹ̀!

Ó ní nígbà tí o yí i padà, àwòrán nìkan lo yí. O fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀rọ kékeré yẹn ò sì gba irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó yé mi dáadáa: o fún ara aṣọ, o gbàgbé apá. Ọmọ aránṣọ! Mẹ́mọ́rì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú agolo bọ́tìnnì mi, mo ti gbé e fún un. Mo ní kó yí i padà, kó yí i síwá sẹ́yìn, kó ṣáà má jẹ́ kí ohùn ọmọ mi sọnù. Iná ò sí, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n n ò ní dúró de ọ̀sẹ̀ kankan kí n tó dáhùn. Ìdáhùn mi rèé: máa bọ̀ nílé. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ kíákíá.

Màmá rẹ, elétí díẹ̀


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ dárí jì mí pé n ò gbé fóònù. Mò ń wò ó tó ń dún, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ dárí jì mí pé ọdún méjì ni etí yín fi ń lọ tí èmi ń fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ẹ fi nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi! Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò etí, ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí ẹ má fi í sínú páálí bí ẹ ti ṣe awò ojú.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n kọ̀wé sí yín kíá pé kí ẹ ní kí ọkùnrin yẹn pa fídíò náà rẹ́. Ẹ ti ní kí n wálé, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan, kí ló tún kù? Mo ti kọ ọ́ gan-an. Mo fà á ya.

Màmá, n ò lè gba ìdáhùn yẹn. Ọmọ tí ẹ ń pè wálé, ọmọ tí ẹ fi ń yangàn fún ìyá onílé ni. Èmi kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo wà nínú fídíò. Ẹ gbọ́ mi ná, kí ẹ wá sọ bóyá ẹ ṣì fẹ́ kí n wá. Oṣù ń parí lọ, mo mọ̀. Bó bá kọjá, kó kọjá. N ò fẹ́ jókòó síwájú yín nílé kí n tún máa parọ́.

Aláròyé yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Aláròyé mi,

Mo ti gbọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n ò parọ́.

Oníkọ̀ǹpútà ki wáyà agbọ́rọ̀ bọ̀ mí létí méjèèjì, ó fi ohùn ẹ̀ sókè pátápátá, ó wá jáde síta, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni. Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Mo gbọ́ ọ ketekete. "Màmá, ẹ má bínú." Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lo sọ ọ́, mo kà á.

Mo gbọ́ pé o ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ pé o ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, o fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí o máa lọ. Mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn lo ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá ìfọṣọ lo wà, aṣọ ibùsùn lo ń fọ̀ tí o sì ń lọ̀, áyọ́ọ̀nù ló jó ọ níka. Mo gbọ́ pé ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lo ti ń gbé e kiri nínú.

Ó dùn mí. Bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ kejì nìyẹn. Mo kúrò níbẹ̀, mo jókòó ti máṣíìnì, mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ibi ọrùn. Mo tú u, mo tún rán an mọ́bẹ̀. Mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ọ. Kì í ṣe nítorí ìdánwò. Ta ni ìdánwò ò ṣe rí? Nítorí pé ọdún kan gbáko lo fi ń dá sunkún nínú yàrá, tí èmi sì jókòó síbí tí mò ń bi ọ́ ní oògùn ẹsẹ̀. Inú tún bí mi sí ara mi, torí irú ẹni tó bí ọ nìyẹn. Ìyá ń fi etí pamọ́ fọ́mọ, ọmọ ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ìyá. Kí la ń ṣe? Àwa méjì péré!

Mo lọ bá ìyá onílé. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, alágbàfọ̀ ni nílé ìwòsàn. Wọ́n ní, "Háà!" Mo ní, "Háà kí ni? Aṣọ mímọ́ tí wọ́n tẹ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín wú, ṣé dókítà ló fọ̀ ọ́?" Láti ọ̀dọ̀ wọn, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ibi tí mo ti yangàn náà ni mo padà sí, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Kò rọrùn o. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, ó ti ń yọ̀ lẹ́nu mi.

Ó ku ìbéèrè rẹ. O ní ṣé kí o wálé, àbí kí o dúró títí wàá fi ní nǹkan tí o lè fi hàn mí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ìwọ tí mo gbọ́ yẹn gan-an ni mo ní kó wá. Má mú nǹkan kan dání. Gbé ara rẹ wá kí n fún ọ lóúnjẹ, kí ọrùn yẹn lè jọ ọrùn èèyàn.

Oṣù kẹsàn-án ti kọjá, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, òun ló wà nínú bébà kejì yìí. Fún un. Bí kò bá gbọ́ èdè wa, kà á fún un, má sì fo ìlà kankan nítorí ìtìjú.

Màmá rẹ


Sí ọ̀gá yàrá ìfọṣọ,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àbójútó ọmọ wa. Èmi ni ìyá ọmọbìnrin tó ń bá yín lọ aṣọ ibùsùn.

Ọmọ yìí fẹ́ gba ìsinmi lákòókò tí ẹ dá. Láti oṣù kẹfà ló ti bi mí bóyá kó wálé. Èmi ni n ò tètè dáhùn. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn dù ú ní ìsinmi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí aṣọ tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ jáde bá ń dán, tí igun ẹ̀ bá dọ́gba, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀